Ẹ ṣọ́ra fún mọ́tò tí wọ́n pa iná ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kí ẹ tó dé

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá mọ́tò àlòkù, ẹ kíyè sí ọgbọ́n àyínìke kan tó wà níta. Ẹni tó ń ta mọ́tò á ki scanner, ẹ̀rọ tó ń ka àléébù látinú kọ̀ǹpútà mọ́tò, bọ̀ ọ́ kí ẹ tó dé, á pa gbogbo kóòdù (àmì àléébù tí kọ̀ǹpútà náà kọ sílẹ̀) rẹ́, iná "check engine" á sì kú. Mẹkáníìkì yín náà á ki tirẹ̀ bọ̀ ọ́, kò ní bá kóòdù kankan, á ní mọ́tò dára. Tó bá di ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, iná á tún tàn. Owó ti kúrò lọ́wọ́ yín nígbà náà.

"Kò sí kóòdù" kò tó. Ẹ ní kí mẹkáníìkì ṣí ibi tí wọ́n kọ "I/M readiness" sí. Ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà mọ́tò ti ń sọ àyẹ̀wò tó ti ṣe tán àtèyí tó kù. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kóòdù rẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn á padà sí "incomplete", ìyẹn ni pé wọn kò tíì parí. Ẹyọ kan péré kì í ṣe ẹ̀sùn, pàápàá EVAP, ẹ̀ka tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ epo sá jáde, torí kì í yẹ ara rẹ̀ wò bí táńkì epo bá kún jù tàbí tó gbẹ jù. Bó bá ti tó mẹ́ta, mẹ́rin, ẹ wo "distance since codes cleared", ìyẹn ọ̀nà tí mọ́tò ti rìn látìgbà tí wọ́n ti pa kóòdù rẹ́. Tó bá kọ kìlómítà 3, kí ẹni tó ní iná yẹn kò tàn rí wá sọ bó ṣe jẹ́.

Wọ́n á ní bátìrì làwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀. Ó lè jóòótọ́, torí yíyọ bátìrì náà máa ń pa á rẹ́ lára ọ̀pọ̀ mọ́tò. Kò burú: kí wọ́n wà á fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó. Ẹni tó bá kọ̀, ẹ fi mọ́tò rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ní scanner. Gílóòbù ni wọ́n ń yọ, tàbí kí wọ́n fi téèpù dúdú bò ó. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, ẹ má tíì sítáátì: iná ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì, bátìrì àti airbag gbọ́dọ̀ tàn. Èyí tí kò bá tàn, ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ ti kàn án. Iná airbag máa ń dá kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan. Bó bá jẹ́ ìgbà tí iná ọ́ìlì kú gan-an ni tirẹ̀ náà kú, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti so wáyà wọn pọ̀.

Ẹ wo abẹ́ mọ́tò pẹ̀lú. Sẹ́ńsọ̀ oxygen tó wà lẹ́yìn catalytic (ohun tó ń fọ èéfín lára páìpù ẹ́ńjìnnì) yẹ kó jókòó pẹ́kípẹ́kí mọ́ páìpù. Bó bá gun orí irin gbọọrọ kan bí ìka ọwọ́, wọ́n fi ń tan kọ̀ǹpútà jẹ ni, kí P0420, kóòdù tó ń sọ pé catalytic kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, má baà jáde. Catalytic yẹn ti ń kú lọ. Ohun tó sì sábà máa ń pa á ni misfire (kí epo má jó bó ṣe yẹ nínú ẹ́ńjìnnì) tí wọ́n ń pa iná rẹ̀ dípò kí wọ́n pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì tàbí coil tó ń fún pọ́lọ́ọ̀gì ní iná: epo tí kò jó nínú ẹ́ńjìnnì á lọ jó nínú catalytic, ihò wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ á yọ́, á dí, mọ́tò á wá máa fà bí ẹni tó ru òkúta. Owó pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rin kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó catalytic.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ ní kí wọ́n má sítáátì rẹ̀. Bí ẹ bá débẹ̀ tí bọ́nẹ́ẹ̀tì ti gbóná, ẹ padà wá láàárọ̀ ọjọ́ mìíràn. Èéfín búlúù tó bú jáde nígbà tí ẹ́ńjìnnì tútù, ọ́ìlì ló ń jó, ó sì lè pòórá pátápátá tó bá ti gbóná tán.