Tẹlifíṣọ̀n ínǹsì 32 àti ẹ̀rọ DVD tó sọ ìyá mi di ẹlòmíràn

Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni mo ra méjèèjì pọ̀ ní ilé ìtajà kan ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn. Mi ò ní máa ka iye ihò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fún yín. Ẹni tó bá dé ọjà á rí i. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí a ṣe ìrántí ọdún kẹwàá ìyá wa ló mú mi kọ èyí.

Àbúrò mi gbé fídíò ọjọ́ ìbí 70 ọdún Màámi wá, kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tí wọ́n ti dà sórí DVD. A lé ní ogún ní pálọ̀. Màámi yọ sí wa: ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú, èjìká fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, ọrùn ti wọlé. Ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́fà tí kò bá a láyé, ní, "Ṣé báyìí ni Màmá ṣe sanra tó?" Ìyá tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Pẹ́lẹ́ńgẹ́! Mo dìde, mo pa tẹlifíṣọ̀n.

Nígbà tí àlejò lọ tán, mo tún tàn án. Níbì kan nínú fídíò yẹn, Màámi gbé àwo funfun róbótó dání, ó kọjú rẹ̀ sí wa. Mo dá a dúró níbẹ̀, mo fi téèpù tí mo fi ń ránṣọ wọ̀n ọ́n. Ìbú, sẹ̀ǹtímítà 12. Òró, sẹ̀ǹtímítà 9. Àwo ti di ẹyin. Mo kọ ọ́ sórí ìwé.

Lọ́jọ́ Ajé mo gbé ìwé àti DVD lọ sí Dùgbẹ̀. Ọmọbìnrin tó tajà fún mi kí mi tẹ̀yẹtẹ̀yẹ, ó gbé àga fún mi, ó fún mi ní omi tútù, mi ò sì lè fi ìyẹn dù ú. Àmọ́ èsì tó fún mi ni pé, "Mọ́mì, bí tẹlifíṣọ̀n fífẹ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn, ó máa mọ́ yín lójú." Mo ní kò lè mọ́ mi lójú, ìyá mi ni. Ó pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá ò wo ìwé mi, ó ní DVD wa ló bàjẹ́. Ó fi DVD náà sínú ẹ̀rọ, ó gba rímóòtù, ó tẹ Zoom. "Ó ti tó, Mọ́mì."

Ojú Màámi kò fẹ̀ mọ́ lóòótọ́, àmọ́ gèlè rẹ̀ ti lọ. Gèlè aṣọ òkè tí òun fúnra rẹ̀ wé láàárọ̀ ọjọ́ náà! Orúkọ tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ náà ti lọ. Zoom ti gé ìdá kan nínú mẹ́rin àwòrán náà dànù, lókè àti nísàlẹ̀. Mo fi hàn án. Ó ní, "Kí lẹ fẹ́ fi gèlè ṣe?" Lójú àwọn oníbàárà ẹ̀ ni o. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí dòní.

Mo ti ní kí wọ́n kó owó mi fún mi nígbà tí ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ lẹ́yìn níbẹ̀ yọjú. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ n rí ìwé yẹn." Òun nìkan ló bèèrè rẹ̀. Ó wò ó fìrí: "12 sí 9. Ó fi ìdá kan nínú mẹ́ta fẹ̀ jù."

Ó jókòó tì mí. Ó ní tẹlifíṣọ̀n ayé àtijọ́, 4 ni ìbú rẹ̀ sí 3 òró. Ti ìsinsìnyí, 16 sí 9. Àmọ́ ìwọ̀n kan náà ni wọ́n fi ń kó àwòrán sínú DVD, ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán, 720 ní ìbú sí 576 ní òró fún irú tiwa, ì báà jẹ́ fíìmù fífẹ̀ tàbí ti àtijọ́. Bí aṣọ tí a ká sínú àpótí ni. Àmì wà lára DVD tó ń sọ bó ṣe yẹ kí wọ́n tẹ́ ẹ. Ẹ̀rọ tèmi, tí wáyà rẹ̀ jẹ́ HDMI, kì í ka àmì yẹn sí, ṣe ló ń tẹ́ gbogbo ẹ̀ kún ojú tẹlifíṣọ̀n.

"Ẹ fi ẹ̀rọ DVD sí 16:9, kẹ́ ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ má yan 4:3 PS, á gé ẹ̀gbẹ́ fíìmù fífẹ̀ dànù. Rímóòtù tẹlifíṣọ̀n lẹ máa lò, bọ́tìnnì P.SIZE. Fídíò àtijọ́, 4:3. Fíìmù fífẹ̀, 16:9. Bí dúdú bá yí àwòrán po lọ́nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìgbà yẹn lẹ tó lè lo Zoom."

A fi sí 4:3. Dúdú bò ó lọ́tùn-ún lósì, Màámi sì dé tòun ti gèlè. Mo yọ téèpù nínú báàgì: 9 sí 9. Omi bọ́ lójú mi, ọmọ náà sì rọra wo ibòmíràn.

Ọkọ mi ní dúdú yẹn ń fi ojú tẹlifíṣọ̀n ṣòfò, pé nínú sẹ̀ǹtímítà 71, 53 péré là ń lò. Kó ṣòfò. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé tí a bá ti pa á, ó ti gbàgbé, 16:9 ló máa tún padà sí. Ìlà kan ṣoṣo ni ìwé inú páálí kọ nípa ẹ̀, ẹni tó wá tò ó nílé gba ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà, kò sì mẹ́nu bà á. Àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere ṣá, ohùn rẹ̀ sì dùn.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ra irú rẹ̀ gan-an fún àbúrò mi. Mo fi bírò fàlà sábẹ́ P.SIZE lára rímóòtù kí n tó gbé e fún un.