Káàdì òfin ìyòrò: iwájú rẹ̀ dára, ẹ̀yìn rẹ̀ ń fẹ́ àtúnṣe

Káàdì pélébé tí wọ́n fi ọ̀rá bò ni, tó ń sọ iyọ̀ tó ń yòrò nínú omi àti èyí tí kì í yòrò; omi láàbù kò lè bà á jẹ́. Iwájú rẹ̀ wù wá púpọ̀. Náítréètì ló fi ṣáájú, pẹ̀lú iyọ̀ sódíọ̀mù, pọtásíọ̀mù àti amóníọ̀mù. Ibẹ̀ náà ló yẹ kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀, torí àwọn yìí kì í sábà dalẹ̀.

Ẹ̀yìn ni wàhálà wà. Gbogbo iyọ̀ tí kì í yòrò dáadáa ló gba àmì X kan náà. Báríọ̀mù sọ́féètì gba X, kálísíọ̀mù sọ́féètì náà gbà á. Bẹ́ẹ̀, lítà omi kan ń gba nǹkan bíi gíráàmù 2 kálísíọ̀mù sọ́féètì, ti báríọ̀mù kò sì tó mílígíráàmù 3. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá po kálísíọ̀mù kílóráìdì àti sódíọ̀mù sọ́féètì tó fẹ́lẹ́ pọ̀, móólù (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka iye kẹ́míkà) 0.005 nínú lítà kan, omi náà á mọ́ gaara. Torí X ti jẹ́ kó máa retí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, á wá rò pé kẹ́míkà òun ti bàjẹ́.

Òjé kílóráìdì ni X fi pamọ́ jù. Omi tútù ń gba bíi gíráàmù 10 nínú lítà, omi híhó ń gba ju 30 lọ. Ẹ gbé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun rẹ̀ ka iná pẹ̀lú omi rẹ̀: á pòórá. Ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀díẹ̀: á padà wá bí abẹ́rẹ́ tó ń dán. Fàdákà kílóráìdì kì í ṣe bẹ́ẹ̀, amóníà ló ń yọ́ ọ.

Àṣìṣe gidi kan wà: wọ́n kọ "hálídì", orúkọ àpapọ̀ fún fúlóráìdì, kílóráìdì àti àwọn ẹbí wọn, síbi tó yẹ kí wọ́n kọ kílóráìdì, búrómáìdì àti àyódáìdì. Ìyẹn ti fa fúlóráìdì wọlé, ọ̀tọ̀ sì ni ìwà tirẹ̀: fàdákà fúlóráìdì ń yòrò dáadáa, kálísíọ̀mù fúlóráìdì ni kì í yòrò. Ẹ fi bíírò tún un ṣe.

Káàdì náà kò sì sọ pé síǹkì àti alumíníọ̀mù háídírọ́sáìdì máa ń padà yòrò bí sódíọ̀mù háídírọ́sáìdì bá pọ̀ jù. Ẹ kán an ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa mì í. Ẹni tó bá dà á lẹ́ẹ̀kan kò ní rí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kankan.

A ṣì máa ní kí ẹ rà á, torí iwájú yẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí èyí tó kọ iye gíráàmù síbi tí X wà, òun ni kí ẹ mú.