Lẹ́sìn LSAT tí mo ṣe l'Ógbómọ̀ṣọ́: bọ̀dá tíṣà mọ̀wé, ìwé wọn ló ti gbó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ ka lọ́ọ̀ l'Ámẹ́ríkà, tẹ́ ẹ dẹ̀ ń wá ibi tí wọ́n ti ń kọ́ LSAT, ìdánwò àtiwọ ilé ìwé lọ́ọ̀ níbẹ̀, nílùú yìí, ẹ dúró gbọ́ tèmi ná kẹ́ ẹ tó sanwó. Ibi tí mo ti ṣe é ò jìnnà sí Under G, mi ò ní dárúkọ wọn, torí a ṣì máa pàdé ní Takie.

₦40,000 fún oṣù méjì. Àga wọn dáa, jẹnẹ́rétọ̀ wọn kì í kú.

Ká má parọ́, bọ̀dá tó ń kọ́ wa mọ̀ ọ́n kọ́, pàápàá àwọn lọ́jíìkì gémù tí wọ́n á ní kó o to nǹkan tẹ̀lé ra yẹn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìdí ẹ̀rọ ata ló gbé wa lọ. Ó ní abọ́ ata márùn-ún ló wà lórí ìlà, ti Àṣàkẹ́, Bísí, Dúpẹ́, Fọlá àti Gbénga. Bísí gbọ́dọ̀ ṣáájú Dúpẹ́. Fọlá ló tẹ̀lé Àṣàkẹ́ pẹ́kípẹ́kí, ẹnì kankan ò gbọdọ̀ já sí wọn láàárín. Gbénga ló ṣìkẹta. Èmi ti bẹ̀rẹ̀ sí í to gbogbo ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ti kọ ọ́ kún ojú ìwé kan, bọ̀dá bá bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí n fagi lé e. Ó fa ààyè márùn-ún sórí bọ́ọ̀dù, ó ju Gbénga sí àárín, ó wá ní Àṣàkẹ́ àti Fọlá tí ò lè yara wọn yìí, ibo ni wọ́n máa bá wọlé? Ààyè kìíní sí ìkejì, àbí ìkẹrin sí ìkarùn-ún, ó tán! Bísí àti Dúpẹ́ á gba èyí tó kù. Ọ̀nà méjì péré. Tí wọ́n bá wá bi ẹ́ pé abọ́ ta ló lè wà ní ipò kejì, Fọlá àbí Dúpẹ́ ni, o ò tiẹ̀ ní janpata. Orí mi wú jàre.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko la fi ṣe gémù, títí mo fi ń parí mẹ́rin ní ìṣẹ́jú 35, bó ṣe máa ń wà nínú ìdánwò tẹ́lẹ̀. Tẹ́lẹ̀ ni mo wí o! Ìgbà tí mo fẹ́ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ LSAC, àwọn tó ń ṣètò ìdánwò náà, ni mo tó mọ̀ pé látoṣù kẹjọ ọdún 2024 ni wọ́n ti yọ gémù dànù. Abala Logical Reasoning méjì, ìyẹn yíyẹ àlàyé wò bóyá ó mọ́gbọ́n dání, àti Reading Comprehension kan, ìyẹn kíkàwé lóye, ni wọ́n ń ka máàkì ẹ̀ báyìí, abala kẹrin wà àmọ́ wọn kì í ka tiẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ò dẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àwọn aláìríran ló pè wọ́n lẹ́jọ́, torí báwo lẹni tí ò ríran ṣe fẹ́ máa ya ààyè sórí pépà, wọ́n wá yanjú ẹ̀ lọ́dún 2019.

Logical Reasoning tó kó ìdánwò dání wá ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ kan la fi ṣe é.

Mo bi bọ̀dá, ó ní, "Àbúrò, má bínú, fọ́tókọ́pì tá à ń lò yẹn ló ti pẹ́." Wọ́n ò dá owó padà, àmọ́ wọ́n ní kí n máa wá fún oṣù kan sí i lọ́fẹ̀ẹ́, mo dẹ̀ ń lọ.

Ìkọ́ni, 5 nínú 5. Ìwé, 1, torí jẹnẹ́rétọ̀ nìyẹn náà.