Ihò Àpáta Benagil àti Etíkun Algarve ní Ọjọ́ Kan: Ìgbà Wo ni Háyà Tó Owó Rẹ̀?

Háyà ọjọ́ kan fún ihò àpáta àti etíkun Algarve, ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Pọ́túgàl, tó owó rẹ̀ bí ẹni tó ń gbé yín bá gbà kí òkun bá òun dá aago. Bó bá ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ lòun máa ń gbéra lójoojúmọ́, omi ìbáà kún, omi ìbáà fà, ẹ kúkú wọ ọkọ̀ àjọwọ̀, kí ẹ fi owó tó kù jẹ ẹja sadín. Kì í ṣe àga rírọ̀ tàbí omi tútù inú kúlà lẹ ń rà nínú háyà. Aago lẹ ń rà.

Bí iṣẹ́ náà ṣe máa ń rí nìyí. Mọ́tò tó gba èèyàn mẹ́fà sí mẹ́jọ á wá gbé yín ní òtẹ́ẹ̀lì ní Faro, Albufeira tàbí Portimão, atọ́nà kan á wà níbẹ̀, ẹ ó lo wákàtí méjì sí mẹ́ta lórí omi, ẹ ó dé etíkun méjì tàbí mẹ́ta, ẹ ó jẹun ọ̀sán (owó rẹ̀ kì í sábà sí nínú háyà), ẹ ó wá fi ìlú Lagos ti Pọ́túgàl (kì í ṣe Èkó) parí rẹ̀. Ó máa ń tó wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án. Àwọn kan ń ta irú ìrìn àjò yìí láti Lisbon. Ẹ má rà á. Nǹkan bí 300 kìlómítà ni Lisbon sí Lagos, wákàtí mẹ́ta ní àlọ, mẹ́ta ní àbọ̀, kò sì ní ku àyè láti dúró de omi. Ẹ wá sùn sí Algarve mọ́jú. Bàálù tààrà láti London dé Faro ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta. Àmọ́ ẹni tó bá ń lo páálí Nàìjíríà, ìwé ìgbélùú Britain kò tó o wọ Pọ́túgàl, àfi kó gba físà Schengen.

Benagil ni gbogbo èèyàn ń béèrè, ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀ dáadáa. Abúlé apẹja ni tẹ́lẹ̀, ní àgbègbè Lagoa, ihò náà sì wà lẹ́yìn igun àpáta tó ti etíkun abúlé náà. Òkúta ẹfun ni gbogbo àpáta ibẹ̀: ìkarawun àti yanrìn ìsàlẹ̀ òkun àtijọ́ ló dì pọ̀ di òkúta, ní sáà tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní Miocene. Òjò ń ti òkè rin wọnú rẹ̀, ó ń yọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Ìgbì ń ti ìsàlẹ̀ gbá a. Níbi tí iṣẹ́ òjò àti iṣẹ́ ìgbì bá ti pàdé, òrùlé á jìn. Ihò tó là sókè yẹn ni àwọn Potogí ń pè ní algar. Nínú lọ́hùn-ún, yanrìn ló wà nílẹ̀, ẹnu ọ̀nà méjì kọjú sí òkun, oòrùn á sì gba ojú òrùlé já bọ́ sílẹ̀ bí àwo ràbàtà kan tó ń fà díẹ̀díẹ̀ bí ọjọ́ ti ń lọ. Bí ọkọ̀ bá sún mọ́ ògiri, ẹ fi òkè sílẹ̀ ná, kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ yín: odidi ìkarawun wà lára àpáta, ó tò ní ìpele-ìpele, òmíràn tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé.

Láti ọdún 2024 ni òfin ibẹ̀ ti yí padà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lúwẹ̀ẹ́ wọ ihò náà mọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bọ́ sílẹ̀ lórí yanrìn inú rẹ̀. Wọn kò gbọdọ̀ fi kayak, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà, lé ẹni tí kò ní atọ́nà lọ́wọ́. Ọkọ̀ á wọlé, á yí po, á jáde, nítorí òmíràn ń dúró lẹ́yìn. Òfin náà tọ́. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, kayak àti èèyàn tó ń lúwẹ̀ẹ́ kò lè jọ há sí ẹnu ọ̀nà tóóró kan kí ewu má wáyé, òkúta sì ń já láti òrùlé. Síbẹ̀, fọ́tò àtijọ́, níbi tí ẹnì kan ti jókòó sórí yanrìn nínú ìtànṣán oòrùn, ṣì kún ojú ìpolówó. Ẹni tó bá ṣèlérí fún yín pé ẹ máa sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀, ẹ má fún un lówó. Bí kò bá mọ òfin, kò mọ iṣẹ́. Bó bá mọ̀ ọ́n tó tún ṣèlérí, ẹ̀yin lẹ máa san owó ìtanràn.

Ohun kejì tí wọn kì í sọ ni pé ọkọ̀ ńlá kì í wọ ihò. Catamaran tó ní tábìlì àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ dára fún àgbàlagbà, ṣùgbọ́n ìta ló máa dúró sí, ẹ ó kàn na ọrùn wo inú. Ọkọ̀ rọ́bà ayára tàbí ọkọ̀ fáíbà kékeré ló ń wọlé. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè gígùn ọkọ̀ náà àti iye èèyàn tó ń gbà, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé yóò wọ inú Benagil bí òkun bá gbà.

Èwo ni "bí òkun bá gbà"? Omi ibẹ̀ ń kún, ó ń fà, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà láàárín kíkún àti fífà. Nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, àti nígbà òṣùpá àrànmọ́jú, ìyàtọ̀ àárín wọn a máa tó mítà mẹ́ta. Bí omi bá kún dé góńgó tí ìgbì sì wà, àyè tó kù lábẹ́ òrùlé àwọn ihò kéékèèké kì í tó, awakọ̀ tó lóye á kọjá lọ. Bí ó bá fà tán, àwọn òkúta tó fara sin á súnmọ́ ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ìyẹn náà á dènà àwọn ihò mìíràn. Ààrin méjèèjì ló dára jù fún ọkọ̀. Ìgbà tí omi bá fà ló dára jù fún etíkun, torí yanrìn á gbòòrò, ẹ ó sì lè gba ẹsẹ̀ àpáta rìn láti etíkun kan bọ́ sí èkejì. Aago kíkún máa ń fi nǹkan bí 50 ìṣẹ́jú sún síwájú lójoojúmọ́. Ìdí nìyẹn tí aago kan náà kò fi lè bá ọjọ́ méje ọ̀sẹ̀ mu. Instituto Hidrográfico, ilé iṣẹ́ ìjọba Pọ́túgàl tó ń rí sí òkun, ń gbé àtẹ àkókò rẹ̀ jáde. Ẹ wo ti Lagos, kí ẹ sì bá oníháyà yín sọ ọ́. Bó bá dáhùn bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí, ọwọ́ ire lẹ bọ́ sí.

Ti afẹ́fẹ́ tún wà. Nortada ń fẹ́ láti àríwá, ní ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń le. Láti orí ilẹ̀ ló ti ń bọ̀, nítorí náà ìgbì etílé lè dà bí èyí tó rọ̀, àmọ́ ó ń ti kayak àti ohunkóhun tó bá léfòó jìnnà sí ilẹ̀. Levante, èyí tó ń ti gúúsù ìlà oòrùn wá, ló burú jù fún ihò, torí pé ojú òkun gan-an ni ẹnu ihò kọ sí: ìgbì á máa ya wọlé tààrà. Bí Levante bá mú, ó lè gbà tó ọjọ́ mélòó kan. Kò sí ẹ̀bẹ̀ tẹ́ ẹ lè bẹ awakọ̀ lọ́jọ́ náà, kò sì yẹ kí ẹ bẹ̀ ẹ́.

Aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ni mo fọwọ́ sí. Òótọ́ ni pé nítòsí ọ̀sán gangan ni oòrùn ń já sílẹ̀ ketekete, ṣùgbọ́n nígbà náà lọkọ̀ ń tò bí mọ́tò ní Ojota, tí èéfín pẹtiróòlù á gba inú ihò kan. Láàárọ̀, ẹ ó gbọ́ ìró omi lára ògiri. Mo fara mọ́ ìyẹn ju fọ́tò lọ.

Ibi tí ẹ ti máa wọkọ̀ ṣe pàtàkì. Láti Benagil fúnra rẹ̀, Carvoeiro tàbí Armação de Pêra, kò jìnnà. Portimão àti Albufeira wà láàárín. Láti Lagos, ọ̀nà jìn, ọkọ̀ rọ́bà á sì máa fò lu omi lọ, pàápàá ní àbọ̀ ọ̀sán. Wọn kì í gba aláboyún, ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn kò sì gbọdọ̀ jókòó síwájú. Ìdí ọkọ̀ ni kó wà, níbi tí kò ti fi bẹ́ẹ̀ fò. Kí oúnjẹ àárọ̀ má wúwo. Ẹni tí òòyì ń tètè kọ́, kó jẹ ata ilẹ̀ kó tó wọkọ̀, kó sì tẹjú mọ́ ibi tí ojú ọ̀run ti pàdé omi, kì í ṣe fóònù. Ẹ mú ẹ̀wù òtútù dání, nínú oṣù Kẹjọ pàápàá, torí afẹ́fẹ́ eré ọkọ̀ tutù. Omi náà tutù: nǹkan bí 20 sí 22 lórí òṣùwọ̀n Celsius nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó mọ omi Badagry á kígbe.

Ní ti etíkun, Praia da Marinha ni mo máa kọ́kọ́ mú, kí aago mẹ́wàá tó lù, torí ibi ìgbọ́kọ̀sí á ti kún lẹ́yìn ìgbà náà. Àtẹ̀gùn gígùn ló sọ̀ kalẹ̀ sí i, ẹni tí orúnkún ń yọ lẹ́nu kó wò ó láti òkè. Níbẹ̀ ni ọ̀nà ẹsẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Sete Vales Suspensos ti ń lọ sí Vale Centeanes, bíi kìlómítà mẹ́fà lórí bèbè àpáta. Àǹfààní háyà hàn gbangba níbí: awakọ̀ á já yín sí ìpẹ̀kun kan, á lọ dúró dè yín ní ìkejì, ẹni tó dá wá á rin kìlómítà méjìlá. Kò sí ibòji, kò sí omi mímu lọ́nà. Ọgbà igi yí ojú ihò Benagil ká lókè. Ẹ má kọjá rẹ̀ nítorí fọ́tò.

Ẹ má tẹ́ aṣọ sí abẹ́ àpáta wá ibòji. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2009, àpáta ya lulẹ̀ ní Praia Maria Luísa, lẹ́bàá Albufeira, ó pa èèyàn márùn-ún. Pátákó ìkìlọ̀ wà káàkiri láti fi hàn yín ibi tí kò yẹ ká jókòó sí. Atọ́nà tó bá rí yín lábẹ́ àpáta tí kò sọ̀rọ̀, kò mọṣẹ́.

Oúnjẹ ọ̀sán: sadín yíyan ní Portimão tàbí Ferragudo, tó sanra jù láàárín oṣù Kẹfà sí Ìkẹsàn-án. Cataplana, ẹja àti ìṣáwùrú tí wọ́n sè nínú ìkòkò bàbà olómorí, èèyàn méjì ni wọ́n sábà máa ń sè é fún, ó sì ń pẹ́. Kí atọ́nà fi fóònù pàṣẹ rẹ̀ kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀.

Owó ńkọ́? Ọkọ̀ àjọwọ̀ wà láàárín yúrò 25 sí 40 fún ẹnì kan. Háyà odindi ọjọ́ ń wọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún yúrò, nítorí náà èèyàn mẹ́rin sí mẹ́fà ló yẹ kó jọ dá a. Ẹ béèrè nọ́ńbà RNAAT wọn, ìwé ìforúkọsílẹ̀ tí òfin là kalẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí, àti ìwé ìbánigbófò. Ẹ jẹ́ kó hàn nínú ìwé pé bí òkun bá kọ̀, wọ́n á dá owó ọkọ̀ padà tàbí yí ọjọ́ padà, bí ẹ bá ṣe fẹ́. Gbólóhùn "a lè yí ètò padà" nìkan kò tó, torí òun ni wọ́n fi ń gba owó kíkún lórí àwòkiri etíkun lásán. Bí wọ́n bá yàn yín jẹ, ẹ béèrè Livro de Reclamações, ìwé tí oníbàárà ń kọ ẹ̀sùn rẹ̀ sí. Dandan ni kí wọ́n ní in.

Lagos gbẹ̀yìn. Orúkọ kan náà ni àwọn Potogí fi pe Èkó wa, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn gbé yín kọjá níbẹ̀. Ponta da Piedade ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú yín lọ, àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 150. Ọkọ̀ apẹja kékeré, tí kì í gbà ju èèyàn díẹ̀ lọ, ló ń gba àárín àpáta wọlé níbẹ̀. Awakọ̀ á rọ ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, á ní kí ẹ tẹrí ba, ọkọ̀ á sì yọ́ gba abẹ́ òkúta kọjá. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi wákàtí kan sílẹ̀ fún àárín ìlú. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1444, èèyàn 235 tí wọ́n kó lẹ́rú ní etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni wọ́n kó sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n sì pín wọn, tìyá tọmọ, ní ìta gbangba. Ilé tí wọ́n ń pè ní Mercado de Escravos (Ọjà Ẹrú) ti di mùsíọ́ọ̀mù láti 2016. Ọ̀pọ̀ atọ́nà kì í fi í sínú ètò, ẹ gbọ́dọ̀ bèèrè fún un ṣáájú. Ẹ bèèrè Valle da Gafaria náà: níbẹ̀, lọ́dún 2009, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́lẹ̀ fún ibùdó ìgbọ́kọ̀sí, wọ́n rí egungun èèyàn 158, àwọn ará Áfíríkà tí wọ́n jù sí ààtàn ẹ̀yìn odi, àwọn mìíràn nínú wọn ní àmì pé wọ́n dè wọ́n. Ọkọ̀ ni wọ́n ń gbé sí ibẹ̀ báyìí. Ẹ ní kí awakọ̀ dúró díẹ̀ kó tó dá yín padà.