Lọ́fíńdà Olóòórùn Òkùnkùn: Olóróró àti Onífífín Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ara Wọn

Ẹni tí ẹwà gọ́tíìkì bá ti wọ̀ lára, tó ń wọ aṣọ àrán dúdú àti léèsì, tó fẹ́ràn àwòrán ilé òkúta àtijọ́ àti òdòdó rósì tó ti ń rọ, kò ní pẹ́ tí yóò fi máa wá òórùn tó bá gbogbo rẹ̀ mu. Ohun méjì ni yóò bá lórí àtẹ: ìgò olóróró kékeré tó gba mílílítà 5 tàbí 10, àti ìgò onífífín tó gba 50 tàbí 100. Ẹwà ìgò àti iye owó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń yàn. Àwa gbà pé òórùn tí ẹ ń wá gan-an ló yẹ kó pinnu. Èyí tó wúwo, irú ti ilẹ̀, ti ewé patchouli àti ti igi úùdù, inú òróró ló ti ń fara balẹ̀. Èyí tó jẹ́ ti èéfín àti afẹ́fẹ́ tútù, fífín ló ń jẹ́ kó tàn.

Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀

Ọtí ẹtanọ́ọ̀lù ló pọ̀ jù nínú onífífín. Eyí tí wọ́n kọ "eau de toilette" sí lára sábà máa ń ní ohun olóòórùn tó tó ìdá 5 sí 15 nínú 100. "Eau de parfum" ń lọ sí bí 15 sí 20. "Extrait" ń kọjá 20. Bí ọtí bá ti kan ara tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kíá ló ń fò lọ, ó sì ń gbé àwọn ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dání. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń ta sánsán káàkiri yàrá ní ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́.

Òróró kì í fò bẹ́ẹ̀. Òróró kóró èso jojoba tàbí òróró àgbọn tí wọ́n ti yọ apá tó máa ń dì kúrò nínú rẹ̀ ni wọ́n sábà ń fi po ó. Díẹ̀díẹ̀ ni ara ń mú un gbóná, díẹ̀díẹ̀ sì ni òórùn ń jáde. Ẹni tó sún mọ́ yín nìkan ló máa gbọ́ ọ. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí òórùn yín ṣáájú yín wọlé, òróró ni kí ẹ rà. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ìgò olóróró ni wọn kì í kọ ìdá òórùn sí lára. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó.

Òórùn kọ̀ọ̀kan àti ìgò tó yẹ ẹ́

Tùràrí ni ọ̀pọ̀ kọ́kọ́ máa ń wá. Oje igi Boswellia ni, òórùn igi páìnì àti ti ọsàn wẹ́wẹ́ sì wà lórí èéfín rẹ̀. Àwọn ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yìí gan-an ló ń fún un ní ìtutù inú ilé òkúta. Bí ẹ bá fi tùràrí sínú òróró, ìtutù yẹn á rọlẹ̀. Onífífín ló borí níbí, kò tiẹ̀ jọra rárá. Lọ́fíńdà Avignon, tí ilé iṣẹ́ Comme des Garçons gbé jáde ní 2002, jẹ́ àpẹẹrẹ tó dára láti gbóòórùn kí ẹ tó ra òmíràn, torí tùràrí inú ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ni wọ́n fi ṣe àwòkọ́ṣe. Òjíá korò, ó sì wúwo jù ú lọ. Ó ń ṣe dáadáa nínú méjèèjì.

Òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí wá láti ara geosmin, èyí tí àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ tó ń jẹ́ Streptomyces ń ṣe. Imú ènìyàn ń gbọ́ ọ bó ti wù kó kéré tó, nítorí náà bí ẹni tó po ó bá ṣe àṣejù díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á di òórùn ewébẹ̀ tó ti ń jẹrà. Ní Kannauj ní Íńdíà, amọ̀ tí wọ́n ti yan ni wọ́n ń sè, tí wọ́n á sì gba oru rẹ̀ sínú òróró igi sandalwood. Mitti attar ni wọ́n ń pè é. Inú òróró ni wọ́n ti bí i, inú òróró ni kí ẹ ti rà á.

Ewé ni patchouli, tí wọ́n ń sá kí wọ́n tó sè é. Ọjọ́ orí ń tún un ṣe: èyí tó ṣì tuntun máa ń le nímú. Bí olóróró tó ní patchouli bá dé tí ó ń ta yín nímú, ẹ má tíì dá a padà. Ẹ dé e, kí ẹ gbé e síbi tó ṣókùnkùn fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, kí ẹ tún gbóòórùn rẹ̀. Òórùn tí wọ́n ń pè ní rósì dúdú, rósì tí wọ́n fi patchouli tẹ̀ mọ́lẹ̀ ló máa ń jẹ́.

Úùdù ń wá láti ara igi Aquilaria tí olú ti kọlù, tí igi náà wá ń sun oje láti fi gbèjà ara rẹ̀. Igi tó ní oje yìí kò pọ̀, òwò rẹ̀ láti orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè sì wà lábẹ́ CITES, àdéhùn àgbáyé tó ń ṣọ́ òwò ẹranko àti igi tó wà nínú ewu. Ìgò ńlá tó pọ́ọ́kú tí wọ́n kọ "ojúlówó úùdù" sí, òórùn àtọwọ́dá ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Bó bá dùn mọ́ yín, ẹ rà á, ṣùgbọ́n ẹ má san owó ojúlówó lé e lórí.

Aṣọ àti ohun ọ̀ṣọ́

Àwọ̀ dúdú kì í bo òróró mọ́lẹ̀. Lára àrán àti sílíìkì, á hàn bí ojú ibi tó ń dán, yíyọ rẹ̀ kò sì rọrùn. Ara ni kí ẹ fi òróró sí, kí ẹ dúró kó wọ̀ ọ́ kí ẹ tó wọṣọ. Onífífín, ẹ fín in sí ìtẹ́nú aṣọ láti ibi tó jìnnà tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30. Kọ́là léèsì funfun kọ́ ni kí ẹ fín ohun tó ní fàníllà sí: vanillin inú rẹ̀ ń pọ́n bó bá pẹ́. Ọtí ń ba ámbà àti péálì jẹ́, nítorí náà lọ́fíńdà ló ṣáájú, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá kí ìlẹ̀kẹ̀ tó kàn.

Ìṣirò owó

Títẹ̀ kan ẹnu ìgò onífífín sábà máa ń tú bí mílílítà 0.1 jáde. Mílílítà 50 jẹ́ bí ẹ̀ẹ̀ 500. Bí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́, ọjọ́ 125 ni. Mílílítà kan òróró jẹ́ bí ẹ̀kán 20. Ìgò 5 jẹ́ ẹ̀kán 100. Ẹ̀kán méjì lójúmọ́, ọjọ́ 50. Ẹ pín owó ìgò kọ̀ọ̀kan sí iye ọjọ́ rẹ̀. Ìgò kékeré tó dà bíi pé ó pọ́ọ́kú lè jẹ́ òun ló wọ́n jù.

Bí ẹ ó ṣe dán an wò

Ẹ ra àpẹẹrẹ mílílítà kan tàbí méjì. Ọrùn ọwọ́ kan, òórùn kan, kó má ju méjì lọ lọ́jọ́. Ẹ gbóòórùn onífífín lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, wákàtí kan àti wákàtí mẹ́rin. Olóróró, ẹ má dá a lẹ́jọ́ kó tó pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ má sì fi pépà dán an wò, torí ara ló nílò láti fi gbóná. Bí awọ ara yín bá tètè ń yún, ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀kán kan sí inú ìgbúnwọ́, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ kan sí méjì. Méjèèjì kórìíra oòrùn àti ooru: inú dúrọ́ọ̀ ni kí ẹ tọ́jú wọn sí.

Ẹni tó lè ra méjèèjì, ẹ fi òróró patchouli tàbí ti ilẹ̀ sí àyà àti ẹ̀yìn etí, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́yìn náà ẹ fín tùràrí lẹ́ẹ̀kan péré sí ìtẹ́nú kóòtù yín. Ilẹ̀ á wà lára, èéfín á wà lókè rẹ̀.