Ìfọkọ̀ tinú-tòde l'Abẹ́òkúta: ibi tí wọ́n ti ba ríìmù mi jẹ́ àti ibi tí mo ń lọ báyìí

Ẹ wo ọwọ́ àwọn ọmọ tó ń fọkọ̀ kí ẹ tó fa kọ́kọ́rọ́ mọ́tò yín lé wọn lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ, bí ibẹ̀ ṣe mọ́ tónítóní ni mo wò, mo wo ẹ̀rọ tó ń fín omi, mo wo iye mọ́tò tó tò síbẹ̀. Mi ò wo ọwọ́ ẹnikẹ́ni.

Corolla 2009 ni mọ́tò mi, òun ni mo fi ń kó àdìrẹ láti Ìtòkú lọ bá àwọn oníbàárà mi l'Ọbántokò àti Àsẹ̀rò. Ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ tán nígbà náà, eruku ti wọ gbogbo kọ̀rọ̀ ara rẹ̀, epo ẹ́ńjìnnì tó ń jò sì ti gan mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ọ̀dà. A ní ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ni mo bá gbé e lọ síbi ìfọkọ̀ kan lójú ọ̀nà Àdìgbẹ, mi ò ní dárúkọ wọn. Fífọ lásán jẹ́ ₦2,000. Tinú-tòde, tó kan ẹ́ńjìnnì, ríìmù, ìjókòó àti dídán, jẹ́ ₦18,000. Mo san ₦18,000.

Wákàtí méjì ò pé tí wọ́n fi parí. Ó dán lóòótọ́. Táyà dúdú kirikiri, dáṣíbọ́ọ̀dù ń kọ mànà, ríìmù sì funfun ju bó ṣe rí lọ́jọ́ tí mo ra mọ́tò náà. Ká ní ọjọ́ yẹn gan-an ni mo kọ àgbéyẹ̀wò yìí, ìyìn nìkan ni ẹ̀ bá kà níbẹ̀.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ìtòkú ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé wọ́n ti ṣe mí níkà. Ẹ mọ bí ìlú wa ṣe rí, ẹ ò ní í rìn jìnnà kí ẹ tó gun òkè tàbí kí ẹ sọ̀. Mo ń sọ̀ kalẹ̀, ọlọ́kadà kan já síwájú mi, mo tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ mi sì yọ̀ kúrò lórí ẹ̀. Mo tún un tẹ̀, mọ́tò dúró, kò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ tó kù kí n gbá a. Àyà mi ń lù kìkì títí mo fi dé ilé. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ wò ó, òróró tí wọ́n fi ń kun dáṣíbọ́ọ̀dù kó lè dán, wọ́n ti fi kun pẹ́dà bíréèkì, wọ́n sì fi kun sítíárìn pẹ̀lú. Sílíkónì ló máa ń wà nínú nǹkan wọ̀nyẹn, ó sì ń yọ̀ ju ilá lọ. Kò sí ohunkóhun tó ń dán tó gbọ́dọ̀ kan pẹ́dà, sítíárìn, tàbí ojú táyà tó ń tẹ ilẹ̀. Kódà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, tí wọ́n bá kun ún jù, ńṣe ló máa ń ta oòrùn padà sí gíláàsì iwájú, tí ẹ ò ní í rí ọ̀nà dáadáa lọ́sàn-án gangan. Mo fi ọṣẹ àti omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ pẹ́dà náà lẹ́ẹ̀mẹta kó tó padà sípò.

Lọ́jọ́ kẹrin, ríìmù bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Dídán yẹn ti lọ pátápátá. Ó di ràkọ̀ràkọ̀, àwọ̀ eérú níbí, funfun bí ẹfun lọ́hùn-ún. Mo fọ̀ ọ́, mo fi òróró pa á, tí omi bá ti gbẹ báyìí, funfun náà á tún yọ. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, iná ẹ́ńjìnnì tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Rẹwáyà tó yẹ̀ ẹ́ wò tú sọ́kẹ́ẹ̀tì kan, ó fi hàn mí: irin tín-ín-rín inú rẹ̀ ti dípẹtà, ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé ti bò ó. Ó bi mí pé, “Mọ́mì, kí ni wọ́n dà sí i?” Mi ò mọ èsì tí mo lè fún un. Mo padà lọ síbi ìfọkọ̀ náà láti lọ béèrè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù rèé. Ọmọ kan, kò lè ju ọdún mẹ́tàdínlógún lọ, ń da omi kan láti inú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò sínú ike lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò ẹlòmíì. Ìgò náà fò, omi ta sí i lápá láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́. Ó fi apá nu ṣòkòtò, ó fẹ́ máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Mo fà á lọ́wọ́, mo ní, “Ọmọ mi, jẹ́ n rí i.” Ó ní, “Kò dùn mí, Mọ́mì.” Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ń yọ̀ kọ̀rọ́ lọ́wọ́ mi bí ẹni mú ọṣẹ tútù, mo sì mọ irú yíyọ̀ yẹn láti kékeré.

Ilé aláàdìrẹ ni wọ́n ti tọ́ mi. Àwọn ìyá wa àtijọ́ tó ń fi ẹ̀lú rẹ aṣọ, omi eérú ni wọ́n ń sẹ́. Àwa tó ń lo aró òyìnbó, kọ́síìkì sódà ni. Kọ́síìkì yìí kan náà ni wọ́n ń pò mọ́ òróró tó fi ń di ọṣẹ. Tó bá kan ara èèyàn, ọ̀rá inú awọ ara ló ń sọ di ọṣẹ, ìdí nìyẹn tó fi ń yọ̀. Ọ̀pọ̀ ásíìdì a máa ta èèyàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, èèyàn á sì tètè sá fún un. Kọ́síìkì lè má dùn èèyàn ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, kó sì máa jẹ inú lọ.

Mo wọ́ ọmọ náà lọ sídìí ẹ̀rọ omi. Ẹnì kan ní ká fi epo pupa pa á, ẹnì kan ti ń wá ọsàn wẹ́wẹ́, ó ní yóò pa agbára rẹ̀. Mo pariwo lé wọn. Tí ẹ bá da omi ọsàn lé kọ́síìkì, àwọn méjèèjì á jà lára èèyàn, ìjà yẹn á sì mú ooru wá, epo pupa ní tirẹ̀ kò ní í jẹ́ kí omi ráyè wẹ̀ ẹ́ kúrò. Omi tó ń ṣàn ni, omi púpọ̀, ó kéré tán ogún ìṣẹ́jú. Tó bá wọ ojú, bẹ́ẹ̀ náà ni, ẹ fi ọwọ́ ya ìpéǹpéjú kí omi lè wọlé, kí ẹ máa gbé ẹni náà lọ sílé ìwòsàn. Mo bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ kúrò nítorí pé kọ́síìkì ti sá sábẹ́ rẹ̀. Bí mo ṣe di ọwọ́ náà mú sábẹ́ omi ni mo tó wá rí ìka rẹ̀ dáadáa: èékánná ti di pupa rúsúrúsú, ó ti ń ṣí kúrò lára ẹran, awọ àtẹ́lẹwọ́ ti bó léraléra, ó sì ti sán bí ilẹ̀ ẹ̀rùn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta tó dúró tì wá, bákan náà ni ọwọ́ wọn rí. Kò sí ìbọ̀wọ́ kankan níbẹ̀. Ọmọ náà lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà nítorí pé èmi ni mo gbé e lọ.

Nílé wa, a kì í da omi lé kọ́síìkì lórí. Omi la kọ́kọ́ ń bù sínú ike, ká tó máa rọra da kọ́síìkì sí i, torí pé ó máa ń gbóná wọ́ọ̀, ó sì lè ta síni lójú. A kì í fi ọwọ́ lásán pò ó. A kì í sì í bù ú sínú abọ́ tàbí ìkòkò alumíníọ̀mù láéláé. Mo rí i nígbà tí mo wà lọ́mọdé, aládùúgbò wa kan po tirẹ̀ sínú abọ́ alumíníọ̀mù, ó ń hó yèè bí omi orí iná, kò sì pẹ́ tí ìdí abọ́ fi lu. Háídírójìn ni afẹ́fẹ́ tó ń jáde nínú híhó yẹn, iná sì ń ràn án. Ohun tí a ò gbọdọ̀ bù sínú abọ́ alumíníọ̀mù yìí ni wọ́n fi fọ ríìmù alumíníọ̀mù mi. Funfun tí mo rí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí inú mi ń dùn sí, ara ríìmù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bó ni.

Ọ̀gá ibẹ̀ ò jiyàn. Ó fi ìgò mẹ́ta hàn mí: kọ́síìkì tí wọ́n pò fún ẹ́ńjìnnì àti ríìmù, omi bátìrì, ìyẹn ásíìdì, fún ìdọ̀tí bíréèkì tó bá lágídí, àti jíìkì fún ìjókòó. Bẹ́ẹ̀ ni, jíìkì ló mú kí ìjókòó ẹ̀yìn mi ní àbààwọ́n pípọ́n méjì. Gbogbo wọn wà nínú irú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan náà, láìsí orúkọ lára wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó wò. Tí òùngbẹ bá ń gbẹ ọmọdé, tó gbé irú ìgò yẹn sẹ́nu, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ máa jó, àpá rẹ̀ sì lè máa fún ọ̀nà náà pa débi tí oúnjẹ ò ní í lè kọjá mọ́. Tí jíìkì bá sì pàdé omi bátìrì, gáàsì kílórínì ló máa jáde, nínú mọ́tò tí wọ́n ti gíláàsì rẹ̀ pa. Mo sọ èyí fún ọ̀gá náà. Ó ní ó ti pé ọdún mẹ́jọ tí àwọn ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó dá ₦5,000 padà fún mi.

Kí ẹ má rò pé ìgò tó ní orúkọ ti bọ́ lọ́wọ́ ewu nìyẹn o. Àwọn ìfọ-ríìmù kan wà tí wọ́n ń kó wọlé, tó jẹ́ pé tí ẹ bá ka ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ máa rí hydrofluoric acid tàbí ammonium bifluoride. Ẹ dá a padà sórí àtẹ. Èyí tí kò le púpọ̀ lára wọn lè kan ọwọ́ kí èèyàn má mọ nǹkan kan fún wákàtí mélòó kan. Ó máa ń wọ inú ẹran ara lọ, á máa gba kálísíọ́ọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè da iṣẹ́ ọkàn rú. Kì í ṣe nǹkan tí ọmọ iṣẹ́ tí kò ní ìbọ̀wọ́ yẹ kó máa dà lẹ́bàá títì.

Ibi tí mo ń lọ báyìí wà lápá Onikólóbó. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ọwọ́ ni mo kọ́kọ́ wò. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà gígùn wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì tó ń ṣiṣẹ́, bàtà òjò wà lẹ́sẹ̀ wọn. Mo ní kí wọ́n fi ohun tí wọ́n ń lò hàn mí, ọmọbìnrin tó ń gbowó sì mú mi lọ síbi tí wọ́n kó o sí. Orúkọ wà lára gbogbo ike, nọ́ńbà NAFDAC wà lára ọṣẹ tí wọ́n ń lò, ìwọ̀n omi tí wọ́n ń pò mọ́ ọn sì wà lára ògiri. Ọṣẹ mọ́tò ni, pH rẹ̀, ìyẹn òǹkà tó ń fi hàn bóyá nǹkan jọ ásíìdì tàbí ó jọ kọ́síìkì, kò jìnnà sí 7, bíi ti omi lásán. Kọ́síìkì ń lọ sí 14, omi bátìrì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ọṣẹ oníyẹ̀fun tí a fi ń fọ aṣọ, wọn kì í lò ó, torí pé ó máa ń fọ ìda tó ń dáàbò bo ọ̀dà mọ́tò dànù.

Ọkùnrin tó fọ tèmi fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní, “Ó ṣì gbóná, Mọ́mì, ẹ jẹ́ ó sinmi lábẹ́ ibòji.” Ogún ìṣẹ́jú la fi dúró. Ọṣẹ tó bá gbẹ mọ́ irin gbígbóná máa ń fi àmì sílẹ̀. Ó fi omi lásán ṣan iyanrìn kúrò ná, kó tó fi kànrìnkàn kàn án. Garawa méjì ló lò, ọ̀kan fún ọṣẹ, ọ̀kan fún ṣíṣan kànrìnkàn kí iyanrìn má padà sára mọ́tò. Nígbà tí kànrìnkàn bọ́ sílẹ̀, ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó mú òmíràn. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an. Kànrìnkàn oníyanrìn ló ń fa àwọn ìlà wẹ́ẹ́rẹ́ tó rí bí òwú aláǹtakùn tí ẹ máa ń rí lára mọ́tò dúdú nínú oòrùn. Fún ẹ́ńjìnnì, ó fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù bo àwọn sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ fọ ibi tí epo wà, kò sì fín omi líle sí i. Kò lo pẹtiróòlù. Mo mẹ́nu kan ìyẹn torí pé mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń fi í fọ ẹ́ńjìnnì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, tó ṣì ń gbóná, tí sìgá sì wà lẹ́nu ẹnì kan nítòsí.

Wọ́n gbà mí ní ₦25,000, ó sì lé ní wákàtí mẹ́rin. Ó wọ́n. Ọjọ́ Sátidé, ẹ lè dúró títí di ọ̀sán kó tó kàn yín, ẹ lọ láàárín ọ̀sẹ̀. Omi ìfọ-gíláàsì wọn ní amóníà, mo sì ní kí wọ́n má fi kan gíláàsì ẹ̀yìn mi tó ní tíńtẹ́ẹ̀dì, nítorí ó lè bà á jẹ́. Wọ́n gbà, wọ́n fi omi lásán àti tówẹ́ẹ̀lì rírọ̀ nù ún, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n ti mọ̀ ọ́n kí n tó sọ ọ́. Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni mo fún wọn.

Mo rí ọmọ ọjọ́sí yẹn ní Kútọ̀ lóṣù tó kọjá. Ó ti fi ibi ìfọkọ̀ náà sílẹ̀, ó ń kọ́ṣẹ́ rẹwáyà. Ó kí mi, ó ká apá aṣọ sókè kí n lè rí i. Àpá náà ti jinná, ó ń dán, ó gùn tó ìka mi. Èékánná rẹ̀ ti ń hù padà. Ríìmù iwájú méjèèjì ni mo ti lọ tún ṣe, ti ẹ̀yìn ṣì wà bó ṣe wà.