DNS: kí wọ́n bá yín wá a délé, àbí kí ẹ máa bèèrè kiri?

DNS ni ètò tó ń sọ orúkọ ìkànnì di àdírẹ́ẹ̀sì oní-nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń wá a. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà bèèrè é: recursive àti non-recursive. Ẹ jẹ́ kí n fi Ifẹ̀ ṣàlàyé ẹ̀. Tí ẹ bá rán ọmọ níṣẹ́ láti Mayfair, tí ò sì gbọdọ̀ padà wá lọ́wọ́ òfo, recursive nìyẹn: fóònù yín bi resolver (sáfà tó ń bá yín wá àdírẹ́ẹ̀sì, bíi 8.8.8.8 ti Google) lẹ́ẹ̀kan péré, òun ló máa sáré tó kù, á gbé àdírẹ́ẹ̀sì wá tàbí kó sọ pé kò sí.

Non-recursive yàtọ̀, ẹ dé Lágere wọ́n ní àwọn ò mọ̀, wọ́n ní ẹ lọ bèèrè l'Ẹnuwá, Ẹnuwá náà tún júwe ibòmíì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni resolver ń ṣe lẹ́yìn yín: ó bi root (àwọn sáfà tó wà lókè pátápátá nínú DNS, orúkọ 13 ni wọ́n ní, A dé M), root júwe sáfà .ng fún un, .ng náà júwe síwájú, títí tó fi dé ọ̀dọ̀ sáfà tó mọ oauife.edu.ng (ìkànnì OAU) fúnra ẹ̀. Ẹ tẹ àṣẹ dig +trace oauife.edu.ng sí terminal kọ̀ǹpútà yín kẹ́ ẹ rí i, ìpele-ìpele ló ń jáde, ó dùn ún wò gan-an.

Fún fóònù, recursive ni mo fara mọ́, torí resolver ń pa èsì mọ́ sínú káàṣì (ibi ìpamọ́ ráńpẹ́), ẹni tó bá tún bèèrè á tètè rí i. Àmọ́ tó bá jẹ́ sáfà tó ń tọ́jú dómènì lẹ ní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa recursive níbẹ̀, àwọn oníjìbìtì lè fi í kọlu ẹlòmíì.